Ọ̀sẹ̀ Kan Lójú Irin Áyálándì, Pẹ̀lú Àpótí Fọ́tò

Ọjọ́ Ajé, Dublin

Tẹ́ṣàn Heuston la ti pàdé láàárọ̀, níwájú ilé olókùúta tí Sancton Wood ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1846. Kingsbridge ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 1966, nígbà tó pé àádọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ Áyálándì dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi orúkọ àwọn tí ìjọba náà pa lẹ́yìn ìjà ọ̀hún sọ tẹ́ṣàn 15 káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Seán Heuston tó ni orúkọ ibí yìí kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni, ibí yìí gan-an ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó yìnbọn pa á lẹ́ni ọdún 25. Mo ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá láìmọye ìgbà láìmọ̀ pé ọmọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé iṣẹ́.

Àwọn tá a jọ ń rin ìrìn yìí kì í ṣe ọmọdé. Bàbá kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú irin. Bàbá Awakọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n. Bàbá Oníkámẹ́rà ti ń ya ọkọ̀ ojú irin láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Màmá tó tẹ̀ lé wa, ọ̀gá tẹ́ṣàn ni bàbá tó bí wọn ní Clare, láyé ìgbà tí West Clare Railway ṣì ń rìn. Àbúrò mi obìnrin wá láti London láti bá wa lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àgbà yìí ló gbé fọ́tò dání, ẹlòmíì nínú álíbọ́ọ̀mù, ẹlòmíì nínú páálí bàtà. Àdéhùn wa ni pé ibikíbi tá a bá dé, ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ ibẹ̀ á mú un jáde, a ó sì wá ojú ibi tí ayàwòrán yẹn dúró sí, kí àwa náà dúró síbẹ̀.

Kí a tó kúrò lórí pèpéle, Bàbá Awakọ̀ nawọ́ sí irin méjèèjì tó wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3 ló wà láàárín wọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àbọ̀ ni. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, oníkálukú ló ń tẹ́ irin bó ṣe wù ú. Ọ̀nà Dublin sí Kingstown, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áyálándì ní 1834, lo ìwọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ Ulster Railway ní Belfast fẹ tiwọn dé ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 2. Nígbà tó hàn pé ọkọ̀ apá kan kò ní lè wọ ojú irin apá kejì láé, ìjọba dá sí i, wọ́n sì fẹnu kò sí ohun tó wà láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún Áyálándì títí dòní, àfi kó ṣe é lọ́tọ̀. Apá kan ilẹ̀ Australia àti Brazil nìkan ni mo mọ̀ tó tún ń lo ìwọ̀n yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ̀ London kò wá ní lè rìn níbí ni?" Àbúrò mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Kò lè rìn, àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Lọ́sàn-án a lọ sí Harcourt Street. Fọ́tò tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rélùwéè ní Áyálándì mọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1900, ọkọ̀ tó kó màlúù bọ̀ kò lè dúró mọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lu ògiri ẹ̀yìn tẹ́ṣàn já, imú rẹ̀ yọ síta lókè Hatch Street, ó sì rọ̀ síbẹ̀. Awakọ̀ kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé apá rẹ̀ kan. Bàbá Oníkámẹ́rà di ẹ̀dà fọ́tò náà mú níwájú ògiri yẹn, a sì rí ibi tí bíríkì ti yí àwọ̀ padà. Wọ́n ti ọ̀nà Harcourt Street pa lọ́jọ́ tó parí ọdún 1958, wọ́n sì ká irin rẹ̀ kúrò. Ní 2004, nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ jù ní títì, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n padà sí láti tẹ́ irin fún Luas, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro Dublin. Ohun tí wọ́n fi ìkánjú wó, owó ńlá ni wọ́n fi tún un ṣe. Ó dùn mí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sí Cork

Wákàtí méjì àbọ̀ ni láti Dublin dé Cork. Ẹ́ńjìnnì 201 ló fà wá, irú èyí tí General Motors ṣe ní Kánádà, tí wọ́n sì fi orúkọ odò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn kò bá ọkọ̀ ojú omi wá. Inú bàálù Antonov ni wọ́n gbé e sí ní 1994, odindi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin, ó sì bà ní Dublin. Bàbá Oníkámẹ́rà ní fọ́tò ọjọ́ náà. Nígbà tí mo rí i, ẹnu mi kò lè padé.

Limerick Junction ni a kọ́kọ́ sọ̀ sí díẹ̀. Tẹ́ṣàn yìí ń jẹ́ orúkọ Limerick, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Tipperary ló wà. Láyé àtijọ́, bí wọ́n ṣe tẹ́ irin ibẹ̀ mú kí ọkọ̀ kọjá pèpéle kó tó fi ẹ̀yìn rìn wọlé sí i. Bàbá Awakọ̀ fi ìka yàwòrán rẹ̀ sára fèrèsé tí èémí ti bò, títí ó fi yé wa. Ní 2019 ni wọ́n tó kọ́ pèpéle kejì fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Cork.

Nígbà tá a sún mọ́ Buttevant, Bàbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1980. Ọkọ̀ tó ti Dublin bọ̀ ń sáré ní nǹkan bí máìlì 70 ní wákàtí kan. Ẹ̀ka irin kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí ṣí sí ẹ̀gbẹ́, kò sì so mọ́ àmì ọ̀nà, nítorí náà àmì ṣì ń sọ fún awakọ̀ pé ọ̀nà dára. Ọkọ̀ yà bàrá. Ènìyàn 18 ló kú. Àwọn ọkọ̀ tó kó èrò, igi ni wọ́n fi ṣe egungun ara púpọ̀ nínú wọn. Igi yẹn ló fọ́ mọ́ èrò lára. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ra ọkọ̀ Mark 3 onírin. Bàbá ní àwọn mọ díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọn kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan nínú páálí wọn, wọn kò sì fẹ́ ní.

Kí ọkọ̀ tó wọ Cork, ó kọ́kọ́ gba inú ihò abẹ́ òkè tí wọ́n ti gbẹ́ parí láti 1855. Kò sí èyí tó gùn tó o nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Áyálándì. Bí a ṣe jáde síta ni pèpéle Kent, tẹ́ṣàn Cork, yọ, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Nínú gbọ̀ngàn tẹ́ṣàn náà ni ẹ́ńjìnnì No. 36 dúró sí. Liverpool ni wọ́n ti ṣe é ní 1847, ilé iṣẹ́ Bury, Curtis àti Kennedy. Táyà irin ńlá kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ìyẹn ló fi ń wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń wà á kò ní òrùlé lórí. Nínú òjò, nínú yìnyín, ìta gbangba ló ń dúró sí. Màmá fọwọ́ kan irin rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wo ibi tí ọmọ ènìyàn ti ń fara da nǹkan."

Ọkọ̀ kékeré gbé wa dé Cobh, tí wọ́n ń pè ní Queenstown nígbà kan. Orí irin yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áyálándì gbà dé etí òkun lọ sí Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì padà wá mọ́. Ère Annie Moore àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà létí omi. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó ń ṣí wá sí Amẹ́ríkà wò, wọ New York, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1892. Ènìyàn 123 ló wọ Titanic níbí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1912. Wọ́n ti sọ ilé tẹ́ṣàn àtijọ́ di ibi ìtọ́jú ìtàn, ọkọ̀ sì ṣì ń dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi dúró pẹ́ níwájú fọ́tò àwọn tó ń dágbére lórí pèpéle. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà kò bi í. Àwa méjèèjì mọ ohun tí ìdágbére jẹ́.

Ọjọ́rú, Tralee àti Listowel

A gba Mallow dé Tralee. Tẹ́ṣàn ibẹ̀ ń jẹ́ Casement, nítorí pé etíkun Banna tó wà nítòsí ni wọ́n ti mú Roger Casement, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pa nítorí ìdìde ogun ọjọ́ yẹn, ní 1916. Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Calabar rí, láàárín 1892 àti 1895; mo sọ fún Màmá, ó yà wọ́n lẹ́nu púpọ̀. Láti Tralee, bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ sí Listowel, nítorí ọkọ̀ ojú irin ti gbàgbé ibẹ̀ tipẹ́.

Nítorí Listowel ni àbúrò mi ṣe gbà láti tẹ̀ lé wa. Láti 1888 títí di 1924, ọkọ̀ kan rìn láti ibẹ̀ lọ sí Ballybunion létíkun, tó ń rìn lórí irin ẹyọ kan ṣoṣo. Charles Lartigue, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n to férémù irin onígun mẹ́ta sílẹ̀, tó ga tó ìgbáròkó ènìyàn, irin kan wà lórí ṣóńṣó rẹ̀, ọkọ̀ á sì gun orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá gbé àpò ẹrù méjì kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pàápàá ní ìkòkò omi gbígbóná méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wàhálà rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tó bá wà lọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ bá tòsì dọ́gba. Àwọn ará ibẹ̀ ń pìtàn pé bí ẹnì kan bá fẹ́ fi màlúù ránṣẹ́, wọ́n á kó ọmọ màlúù méjì sí òdìkejì rẹ̀. Tí màlúù bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọmọ màlúù méjèèjì á padà sílé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ènìyàn kò lè fẹsẹ̀ gbé irin ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ọkọ̀ náà máa ń fa àtẹ̀gùn tirẹ̀ lẹ́yìn, kí èrò lè gun un láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Ogun abẹ́lé ba ọ̀nà náà jẹ́, owó kò sì wọlé mọ́. Ohun tá a gùn lónìí jẹ́ àwòkọ tí wọ́n ṣe sí ìlú náà, kò sì gùn, ṣùgbọ́n ó ń rìn lóòótọ́. Bí ó ṣe gbéra ni mo gbọ́ tí irin ń dún lábẹ́ àga wa, mo sì rí àbúrò mi ní òdìkejì, orí rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Kí àwọn tó ń kọjá lọ rí i pé inú wa dùn kò ṣòro rárá.

Lálẹ́, nílé tá a wọ̀ sí, Bàbá Oníkámẹ́rà tú páálí kan jáde tí wọ́n rà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí kò sí ohun kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan dé fìlà, ó dúró ti wágọ́ọ̀nù ẹrù kan lábẹ́ òrùlé irin tó rẹlẹ̀. Òpó irin ńlá wà lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ tutù. Lára wágọ́ọ̀nù, lẹ́tà ńlá méjì: G àti N. Níbo nìyí? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bàbá Awakọ̀ gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá sọ pé, "Irin mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yìí, kì í ṣe méjì." Irin mẹ́ta túmọ̀ sí pé ọkọ̀ oríṣi méjì ń gba ojú ọ̀nà kan náà, èyí tó fẹ̀ àti èyí tó tín-ín-rín, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 3. G àti N ni Great Northern, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ní àríwá. A sùn síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, Limerick, Ennis, Galway

Òjò láti òwúrọ̀. Àbúrò mi padà sí London láti Limerick; àwa yòókù gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn lọ sí Galway. Wọ́n ti dá ọkọ̀ èrò dúró láàárín Ennis àti Athenry ní 1976, ariwo àwọn ará ibẹ̀ ló mú kí wọ́n tún un ṣí ní 2010. Adágún Ballycar máa ń kún bo irin mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, ọkọ̀ á sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lónìí ó jẹ́ kí a kọjá.

Ní Ennis ni Màmá gba ọ̀rọ̀ sọ. Láti ibẹ̀ ni West Clare ti ń gbéra, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 3 tó ń lọ dé Kilrush àti Kilkee létí òkun Àtìláńtíìkì, títí wọ́n fi tì í pa ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1961. Fọ́tò tí wọ́n mú jáde kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ojú mi lọ sí. Obìnrin kan wà létí fọ́tò, ó di bàsíkùlù mú, ó ń bá ẹni tó wà nínú fèrèsé sọ̀rọ̀. Agolo wàrà mẹ́rin wà nílẹ̀, ìdérí ọ̀kan kò jókòó dáadáa. Ọkùnrin tó yí ẹ̀yìn sí wa nínú aṣọ rélùwéè ni bàbá wọn. Lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ tẹ́ṣàn, ọdún 1960, orúkọ obìnrin náà, àti orúkọ abúlé tí wàrà náà ti wá.

Èrò mi nìyí, mo sì ti bá Bàbá Oníkámẹ́rà jiyàn lórí rẹ̀. Fọ́tò ẹ́ńjìnnì olókìkí pọ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló yà á. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni fọ́tò ọjọ́ lásán ní tẹ́ṣàn lásán, tí ẹni tó yà á sì kọ ohun tó rí sẹ́yìn rẹ̀. Nílé wa, fọ́tò kan wà tí bàbá mi àgbà yà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ọkùnrin bíi mẹ́wàá tò níwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n wọ ṣòkòtò kúkúrú, ojú wọn le koko. A mọ bàbá wa. Àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n mọ́, nítorí ẹ̀yìn fọ́tò náà mọ́ funfun. Ìran àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn wà níbì kan lónìí, wọn kò sì mọ̀ pé ojú baba ńlá wọn wà lára ògiri wa.

Bàbá Oníkámẹ́rà fèsì pé bí kò bá sí ẹ́ńjìnnì, obìnrin oníbàsíkùlù kò ní sí níbẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo dúró lórí tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, Galway sí Belfast

Ìrìn gígùn. Ọkọ̀ la odò Ṣánọ́ọ̀nù kọjá ní Athlone lórí afárá irin 1851. Láti Athlone lọ sí Mullingar, wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró láti 1987, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni báyìí. Irin àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà, koríko bò ó. Ó sàn ju kí ilé hù sórí rẹ̀ lọ.

Ní Dublin a wọ Luas láti Heuston dé Connolly, a sì bọ́ sínú Enterprise. Great Northern ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1947, láti máa lọ tààrà láàárín Dublin àti Belfast. Lásìkò ìjà Àríwá Áyálándì, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ojú irin yìí léraléra, débi pé àwọn ará ìlú kó ara wọn jọ ní 1989 láti wọ ọkọ̀ kí wọ́n sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Peace Train, ọkọ̀ àlàáfíà, ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Bàbá Awakọ̀ wa ọkọ̀ lọ́nà yìí nígbà yẹn. Wọ́n ní tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, tíì tó wà nínú fúláàsì ni wọ́n fi ń mọ bó ti pẹ́ tó: tó bá ti tutù, ó di kí wọ́n kó èrò sínú bọ́ọ̀sì.

Ní Drogheda, gbogbo wa dìde lọ sí fèrèsé. Afárá Boyne! Sir John Macneill ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ ní 1855. Apá olókùúta 15 ni, àti irin mẹ́ta láàárín, gíga tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń gba abẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1932 ni wọ́n pààrọ̀ irin àkọ́kọ́, tí ọkọ̀ sì ń kọjá lọ láàárín iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ wa rọra rìn, omi odò ń dán nísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò Màmá níbi tí wọ́n gbé iwájú orí ti gíláàsì.

Tẹ́ṣàn Grand Central tuntun la dé ní Belfast, èyí tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ní 2024. Ó mọ́, ó fẹ̀. Bàbá Oníkámẹ́rà ya gbogbo igun rẹ̀, àga, àpótí ìdọ̀tí, pátákó àkókò ọkọ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ ti wọlé díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Cultra àti Whitehead

Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Cultra ni ẹ́ńjìnnì Maedb wà, No. 800. Inchicore ní Dublin ni wọ́n ti ṣe é ní 1939, wọ́n sì fi orúkọ ọbabìnrin Connacht inú ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ ọ́, tí wọ́n kọ ní lẹ́tà Gaelic. Mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀. Ó wúwo débi pé ọ̀nà Dublin sí Cork nìkan ló lè gbà á dáadáa. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn. Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣe é, èédú dáadáa kò rí wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àyè lo agbára rẹ̀.

Whitehead yàtọ̀ sí Cultra, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Railway Preservation Society of Ireland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ló ń tọ́jú wọn. Slieve Gullion, No. 171, tí Beyer Peacock ṣe ní 1913, wà níbẹ̀. No. 4 tún wà, iṣẹ́ 1947. CIÉ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba ní gúúsù, ti fi ẹ́ńjìnnì oníná èédú sílẹ̀ láti 1963, British Rail ní 1968, ṣùgbọ́n No. 4 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wọ́ òkúta láti Magheramorne fún ọ̀nà mọ́tò Belfast títí di 1970.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wọn fi bí ìkòkò omi ṣe rí nínú hàn mí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù ló gba inú omi kọjá. Iná ń gba inú páìpù, omi yí i ká títí á fi hó, ooru omi náà á sì fi agbára ti pisitínì tó ń yí táyà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi òòlù kékeré gbá ìdè irin kan, ó ní kí n gbọ́: èyí tó dára ń dún gan-an-ran. Ó gbá èkejì, ó dún bù. Ìyẹn, wọ́n máa yọ ọ́. Ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, kò sì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn pé ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí.

A gbé fọ́tò onírin mẹ́ta hàn án. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ibi tí ọkọ̀ Great Northern ti pàdé ọkọ̀ tó tín-ín-rín kò pọ̀: Strabane lè jẹ́, Derry lè jẹ́. Ṣùgbọ́n Strabane kò ní irú òrùlé tó wà nínú fọ́tò yìí.

Ọjọ́ Àìkú, Derry

Láti Coleraine, ọkọ̀ gba etí òkun. Castlerock, lẹ́yìn rẹ̀ ihò méjì ní Downhill, lẹ́yìn rẹ̀ yanrìn àti omi lọ́wọ́ ọ̀tún títí dé Lough Foyle. Kí n má parọ́, kò sí ojú irin tí mo ti gùn tó dùn ún wò tó yìí.

Derry ní tẹ́ṣàn mẹ́rin nígbà kan, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀kan tó fẹ̀ àti ọ̀kan tó tín-ín-rín. Waterside nìkan ló kù, èyí tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí padà ní 2019. Àwọn ọ̀nà tín-ín-rín lọ sí Donegal ti parẹ́. County Donegal Railways dá ọkọ̀ èrò rẹ̀ dúró lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1959, títí dòní kò sì sí ojú irin kankan tó so Donegal mọ́ ibòmíì.

A rìn lẹ́bàá odò Foyle dé afárá Craigavon. Afárá alájà méjì ni, wọ́n ṣí i ní 1933. Mọ́tò ń gba òkè, wágọ́ọ̀nù rélùwéè sì ń gba ìsàlẹ̀ láti òdìkejì odò sí òdìkejì. Mọ́tò ló ń gba ìsàlẹ̀ náà báyìí. Bí a ṣe bọ́ sí abẹ́ òrùlé irin rẹlẹ̀ yẹn ni Màmá dúró. Òpó lọ́tùn-ún, òpó lósì, ilẹ̀ tutù. Bàbá Awakọ̀ gbé fọ́tò náà sókè. Orí ìdè irin tó wà lára òpó kejì, àti bí igun àjà ṣe gé, wọ́n bá ara wọn mu. Ibí ni. A pariwo débi pé ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ dúró wò wá.

Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn: Derry, àjà ìsàlẹ̀ afárá Craigavon. Ọdún ló kù. Bàbá Oníkámẹ́rà ṣàkíyèsí pé wọ́n fi ọ̀dà funfun yí ẹsẹ̀ òpó ká, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà ogun nítorí pé wọ́n ti pa iná títì. Nítorí náà, láàárín 1939 àti 1945 ni. Bàbá Awakọ̀ ní ọ̀dà kì í parẹ́ lọ́jọ́ tí ogun bá parí, pé ó lè jẹ́ 1950, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ tín-ín-rín ṣì ń wọ Derry títí di òpin 1954. Màmá ní kí wọ́n wo fìlà ọkùnrin náà. Nínú ọkọ̀ Belfast, gíláàsì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, Bellarena kọjá, Ballymena kọjá, Antrim kọjá, wọn kò sì tíì gbà fún ara wọn nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ní Grand Central.